Omi, iná, eruku: yàrá iṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà nínú ilé tí a ń tún ṣe lọ́wọ́

Akọ̀wé Mọ́níyà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Yàrá kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 ni mo fẹ́ sọ di yàrá iṣẹ́, nínú ilé àtijọ́ kan ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń ti ilé ṣiṣẹ́ oṣù, ọjọ́ méjì tó kù jẹ́ ti Èkó. Ògiri méjì nínú yàrá náà ń mu omi, ọ̀dà sì ti ń bó láti ìsàlẹ̀ títí dé orúnkún. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ara àpótí kọ̀ǹpútà, á máa ta á lọ́wọ́ wínníwínní bí ìgbà tí èèrà bá ń jẹ ẹ́. Iná NEPA kì í ju wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lójúmọ́. Ẹ̀rọ méjì ló máa wà níbẹ̀: láptọ́ọ̀pù iléeṣẹ́, àti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tó wà fún ìdárayá alẹ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ mú, kí owó má bàa ṣòfò, kí iṣẹ́ oṣù má sì bàjẹ́?

Bàbá Bíríkìlà
Ẹ fi iná àti kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ná. Ògiri tó ń mu omi ni àkọ́kọ́, torí bí ẹ bá fa wáyà sínú ògiri tútù, ẹ ó tún un là lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wádìí ibi tí omi ti ń wá. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóòró. Ẹ fi téèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́ ògiri láìfi àyè sílẹ̀, kí ẹ fi í síbẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí ìrì bá sẹ̀ sí ojú ọ̀rá tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ni omi ti ń jáde. Bó bá jẹ́ ojú tó kọjú sí yàrá ló tutù, afẹ́fẹ́ yàrá ló kún fún omi. Fèrèsé lẹ máa tún ṣe nígbà yẹn, kì í ṣe ògiri.

Ẹ tún wo bó ṣe ga tó. Omi tó ń ti ilẹ̀ gòkè kì í sábà kọjá mítà kan, ó sì máa ń fi iyọ̀ funfun bí ẹfun sílẹ̀ níbi tó gùn dé. Bí àbàwọ́n bá ti òkè ṣàn wá, páànù òrùlé ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bó bá wà lójú kan ṣoṣo, tó rí rìbìtì, ẹ wá páìpù balùwẹ̀ tó gba ẹ̀yìn ibẹ̀ kọjá.

Èyí tí ẹ ṣàpèjúwe yìí, tó dé orúnkún lára ògiri méjì, ilẹ̀ ló ti ń wá. Ẹ jáde síta kí ẹ wo ẹ̀yìn ògiri náà. Nínú ilé àtijọ́, yanrìn àti pàǹtí tí òjò ń wọ́ wá á ti ga sí i lọ́dọọdún títí ilẹ̀ ìta fi ga ju ilẹ̀ yàrá lọ. Ẹ wa á kúrò títí yóò fi relẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán, kí ẹ da kọnkéré tó dagun síta sí i. Bí omi òrùlé bá ń já síbẹ̀ gan-an, ẹ fi gọ́tà gbè é. Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn, owó rẹ̀ ló sì kéré jù.

Nínú ilé wàyí, ẹ ha èyí tí wọ́n rẹ́ mọ́ ògiri kúrò títí dé ara búlọ́ọ̀kù, kí ẹ sì fi sẹ̀ǹtímítà 30 kọjá ibi tí àbàwọ́n dé. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá iyọ̀ yẹn dànù. Bí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, ńṣe ló máa yọ́ padà sínú búlọ́ọ̀kù. Ẹ jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ẹ rẹ́ ẹ padà, ìwọ̀n símẹ́ńtì kan sí ìwọ̀n yanrìn mẹ́rin, pẹ̀lú oògùn adènà-omi nínú omi tí ẹ fi pò ó, iye tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Ògiri méjì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ẹ rẹ́ dé mítà kan, tó nípọn ní mílì 15, kò ní jẹ àpò símẹ́ńtì kílò 50 kan tán. Yanrìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi bárò méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ra àpò mẹ́ta fún ibẹ̀, ẹ ní kó ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú yín.

Yanrìn yẹn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Èyí tó ní amọ̀ máa ń sán, èyí tó wá láti etí òkun ní iyọ̀, iyọ̀ sì ń fa omi mọ́ra. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ da omi sí i, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Yanrìn á rọ̀ sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á jókòó lé e lórí. Bí ẹrẹ̀ náà bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gíga yanrìn lọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó gbé e wá.

Tí ẹ bá rẹ́ ẹ tán, ẹ máa fọ́n omi sí i láàárọ̀ lálẹ́, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ méje bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, torí ọyẹ́ máa ń fa omi kúrò lára rẹ̀ kó tó le. Lẹ́yìn èyí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ọ̀dà tó kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀dà olóròóró bo ògiri tútù mọ́lẹ̀. Omi á máa wá ọ̀nà jáde lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dà náà á sì wú, á bó bí awọ ejò.

Akọ̀wé Mọ́níyà
Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ìyẹn ń lọ sí oṣù méjì lápapọ̀. Níbo ni iṣẹ́ oṣù máa wà ní gbogbo àsìkò yẹn? Olórí ẹ̀ka wa kì í fẹ́ gbọ́ ariwo kankan nínú ìpàdé, ó sì lè pe ìpàdé nígbàkigbà.

Àǹtí Òṣìṣẹ́
Iṣẹ́ oṣù ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá yẹn rárá títí ọ̀dà á fi gbẹ. Ẹ wá igun kan nínú pálọ̀ tàbí yàrá ìbùsùn, níbi tí ògiri wà lẹ́yìn yín, kí ẹnikẹ́ni má gba ẹ̀yìn yín kọjá nínú fídíò. Tábìlì kékeré kan ti tó.

Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọjọ́ tí ariwo máa wà kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Hámà àti lílà ògiri fún páìpù wáyà, ọjọ́ méjì péré ni. Ẹ fi wọ́n sí ọjọ́ tí ẹ wà l'Ékòó bí àgbàlagbà bá wà nílé tó lè dúró ti oníṣẹ́, tàbí Sátidé. Rírẹ́ ògiri àti kíkùn kò pariwo, wọ́n lè ṣe é nígbà tí ẹ wà lórí ìpàdé.

Ẹ kọ ìwé sí olórí ẹ̀ka ṣáájú, kí ó má jẹ́ lẹ́yìn tó ti bínú. Ìlà mẹ́ta tó: ọjọ́ tí ariwo máa wà, wákàtí tí ẹ lè wọ ìpàdé láìsí wàhálà, àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè pè bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń bínú, àìmọ̀ṣáájú ló ń bí wọn nínú. Bí ìpàdé bá bá yín lójijì, ẹ pa fídíò, ẹ fi ohùn nìkan ṣe é. Fídíò ìpàdé ẹlẹ́ni púpọ̀ lè jẹ ju GB kan lọ ní wákàtí kan, ohùn nìkan kì í jẹ tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Nínú Windows, ẹ lọ sí ètò Wi-Fi yín kí ẹ tan "Metered connection", kí àwọn ìgbàsílẹ̀ ńláńlá má bàa bẹ̀rẹ̀ lórí dátà fóònù láàárín ìpàdé.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ti bà yín nínú jẹ́, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, ẹ má fọwọ́ kan iná, ẹ má sì tú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ tó rẹ̀ máa ń ju ìdè kékeré (screw) sórí ìyá pátákó ẹ̀rọ, ó sì máa ń gbàgbé láti pa bírékà iná. Ẹ ṣètò iṣẹ́ sí ìwọ̀n agbára tó kù: ogún ìṣẹ́jú fún kíkọ orúkọ sára wáyà àti dídì wọ́n pọ̀, wákàtí kan fún fífi sáńpépà ra ẹnu ọ̀nà, òwúrọ̀ Sátidé fún ohun tó lè jóni tàbí tó lè bàjẹ́.

Oníná Alábà
Ohun tó ń ta yín lọ́wọ́ yẹn, àìsí ẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn wáyà tó wọnú ilẹ̀. Nínú páwà kọ̀ǹpútà alápòótí ni kapásítọ̀ kéékèèké méjì wà tó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú iná. Ọ̀kan so láìfù (wáyà tó ń gbé iná wá) mọ́ ara irin àpótí, èkejì so nútírà (èyí tó ń gba iná padà) mọ́ ọn. Níbi tí ẹ́ẹ̀tì bá wà, ìba iná tó bá gba inú wọn kọjá á wọlẹ̀ lọ. Níbi tí kò bá sí, irin náà á dúró sí agbedeméjì: bí iná bá jẹ́ 230V, mítà á fi nǹkan bí 115V hàn láàárín àpótí àti ilẹ̀. Iná inú kapásítọ̀ yẹn kéré, kì í pani. Àmọ́ ó ń sọ fún yín pé lọ́jọ́ tí láìfù bá já tó kan irin náà, kò sí ohun tó máa gba iná yẹn lọ àyàfi ara yín.

Ọ̀pá kọ́pà tó gùn tó mítà 1.2 sí 1.5 ni kí wọ́n gbá wọlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ, bí ẹ̀yìn balùwẹ̀. Kí wọ́n fi èédú yí i ká. Àwọn kan máa ń da iyọ̀ sí i. Iyọ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ọ̀pá, òjò sì ń fọ̀ ọ́ lọ. Ẹ má gbà pé iṣẹ́ ti parí torí pé mítà ọwọ́ fi 220V hàn láàárín láìfù àti ẹ́ẹ̀tì. Mítà yẹn kì í fa iná tó nǹkan, nítorí náà ẹ́ẹ̀tì tí kò dára náà á fi 220V hàn lójú rẹ̀. Oníná tó ní ẹ̀rọ ìwọn-ẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ pè. Lẹ́yìn náà, bírékà RCCB 30mA, èyí tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò gba ara ènìyàn tàbí ilẹ̀. Ó ní bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ T sí, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí kò bá já lójú ẹsẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà 2.5 mílì lórí bírékà 20A. Fún gílóòbù, 1.5 mílì lórí bírékà 10A. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì oníbejì mẹ́ta sẹ́yìn tábìlì, kí wọ́n ga ju ojú tábìlì lọ díẹ̀, kí ẹ má bàa máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ wá wọn. Wáyà ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú kọ́pà rẹ̀. Bí inú bá yọ funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lójú ni. Á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, orí rẹ̀ á sì máa tú díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìdè sọ́kẹ́ẹ̀tì títí sọ́kẹ́ẹ̀tì á fi jó dúdú.

Ọ̀rọ̀ ínfátà wá kù. Ẹ fa wáyà ínfátà lọ́tọ̀ pátápátá láti ìbẹ̀rẹ̀, láìfù lọ́tọ̀, nútírà lọ́tọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé àtijọ́ nìyí: oníná á ya láìfù sọ́tọ̀, á sì so nútírà ínfátà mọ́ nútírà ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí NEPA bá dé, iná tó gba láìfù kan jáde á gba nútírà mìíràn padà. Ínfátà á máa ké, RCCB á máa já láìnídìí, nígbà míì ínfátà á jóná pátápátá. Bí RCCB bá ń já kìkì nígbà tí NEPA bá dé tàbí lọ, nútírà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ayálégbé
Ẹni tí ilé kì í ṣe tirẹ̀ kò lè la ògiri báyìí láìgbàṣẹ. Ẹ kọ̀wé sí onílé, kí ó fọwọ́ sí i, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ kó yọ owó ògiri kúrò nínú owó ilé. Ẹ pa rìsíìtì mọ́. Fún wáyà, ẹ lo ọ̀nà ike tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú ògiri, èyí tó fẹ̀ ní mílì 25 sí 16. Kí ẹ fi ìdè kàn án mọ́ ògiri, torí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan kì í dúró nínú ooru. Kò sí eruku, ẹ sì lè tú u lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá kó jáde. Bátìrì àti ínfátà náà, kí ó wà lórí àgbékà tí ẹ lè gbé, kí wọ́n má mọ ọ́n mọ́ ògiri.

Akọ̀wé Mọ́níyà
Ẹ ṣé o. Onílé ni wá níbí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn á wúlò fún ẹlòmíì. Irú bátìrì wo ló máa gbé láptọ́ọ̀pù iléeṣẹ́, mọ́nítọ̀, ráútà àti fáànù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́?

Oníná Alábà
Ẹ ro ẹrù yín pọ̀ kí ẹ tó dé ọjà. Láptọ́ọ̀pù 60W, mọ́nítọ̀ 25W, ráútà 10W, gílóòbù LED 10W, fáànù onídúró 55W. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 160W. Bátìrì onípáìpù (tubular, bátìrì òjé tí wọ́n ń bu omi sí) 12V 200Ah ní 2,400Wh nínú. Ìdajì péré ni kí ẹ máa lò kí ó lè pẹ́, ó ku 1,200. Ínfátà fúnra rẹ̀ á jẹ nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku nǹkan bí 1,020Wh. Ẹ pín in sí 160: wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀. Bí ẹ bá fi fáànù DC tó ń jẹ 25W rọ́pò ti 55W, ó di 130W, ẹ ó sún mọ́ wákàtí mẹ́jọ. Fáànù yẹn ló dín kù jù lówó nínú gbogbo ohun tó lè fi wákàtí kún un.

Ínfátà 1kVA ti tó, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tí iná rẹ̀ ń yípo lọ́nà tó dán, tí wọ́n ń pè ní pure sine wave. Páwà kọ̀ǹpútà òde òní tó ní active PFC (ohun tó ń tún bó ṣe ń fa iná ṣe) lè máa ké tàbí kí ó kú lójijì lórí ínfátà olówó pọ́ọ́kú. Okùn láti bátìrì sí ínfátà kò gbọ́dọ̀ ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ, 25 mílì ni kó jẹ́, kí fíúùsì 100A sì wà ní ẹnu orí pọ́sítíìfù (+) bátìrì. Láti 12V, 800W tí ínfátà 1kVA lè gbé á fa nǹkan bí 78A. Okùn tínrín á gbóná níbẹ̀.

Ọmọ Litíọ́ọ̀mù
Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà lórí bátìrì onípáìpù fún ẹni tó ń rí iná wákàtí mẹ́rin. Bátìrì 200Ah yẹn fẹ́ kí a fi nǹkan bí 20A gbà á, tí a bá sì lò ó dé ìdajì, ó tó wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà kí ó tó padà kún, kí á tó ka èyí tó ń sọnù. Pẹ̀lú wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ kò ní kún láé, iyọ̀ òjé á sì máa le mọ́ àwọn àwo inú rẹ̀ títí kò fi ní gba iná mọ́. Bátìrì LiFePO4 (irú lítíọ́ọ̀mù kan) 12.8V 100Ah ní 1,280Wh. Ẹ lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ẹ yọ ti ínfátà, ó ku nǹkan bí 870Wh, ìyẹn wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ lórí 160W. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè gba 50A, a jẹ́ pé wákàtí méjì ló máa fi kún. Ẹni tó wà ní Band A, tó ń rí iná tó pọ̀ lójúmọ́, ẹ lè máa lo onípáìpù láìsí wàhálà.

Ẹ rí i dájú pé ínfátà náà ní ètò ti lítíọ́ọ̀mù, kí ó dá gbígbà dúró láàárín 14.2V sí 14.6V, kí ẹ sì pa ètò equalise (gbígba iná àgbájù tí wọ́n ṣe fún bátìrì òjé), torí ó ń ba bátìrì lítíọ́ọ̀mù jẹ́.

Oníná Alábà
Àlàyé yín tọ̀nà, àbúrò. Fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, mo gbà. Ẹni tó bá ti ra onípáìpù tẹ́lẹ̀, páńẹ́lì oòrùn ni kó fi ràn án lọ́wọ́. Kó má gbé e sínú yàrá tí ènìyàn ń sùn, torí gáàsì tó ń jáde nígbà tó bá ń gba iná lè gbaná. Omi àsẹ́dà (distilled water) nìkan ni kí ẹ máa fi kún un, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tàbí omi inú ọ̀rá.

Ráútà náà ò gbọ́dọ̀ kú lákòókò tí ínfátà bá ń yí iná. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: bí wọ́n bá kọ 12V, ẹ ra bátìrì kékeré oní-12V tí wọ́n ṣe fún ráútà, kí ẹ rí i pé pọ́sítíìfù (+) ló wà láàárín ihò méjèèjì, ti ráútà àti ti bátìrì. Ìpàdé ò ní já mọ́.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà
Ẹ kó gbogbo ẹ̀rọ kúrò ní yàrá náà kí screeding, ìyẹn fífi ìpara dán ojú ògiri kí ọ̀dà tó kàn án, tó bẹ̀rẹ̀. Wíwé wọn ní ọ̀rá kò tó. Ìyẹ̀fun tí sáńpépà ń tú jáde lára ògiri rọ̀ ju ìyẹ̀fun ẹ̀lúbọ́ lọ. Á wọ ojú fáànù láptọ́ọ̀pù, á dì mọ́ irin tó ń tu ẹ̀rọ lára, nígbà tí òjò bá sì dé, á fa omi mọ́ra, á di ẹrẹ̀ lórí pátákó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kùn ún tán, ẹ fi aṣọ ọ̀rinrin nu ilẹ̀ àti ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dúró ọjọ́ kan, ẹ tún nu ú. Bí ọwọ́ yín kò bá funfun mọ́, ẹ lè kó ẹ̀rọ wọlé.

Ọ̀dà fún yàrá yín kò tó ike lítà 20. Ògiri rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 35 lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, lítà kan sì máa ń kun nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 10 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì kíkùn jẹ́ lítà méje. Ike lítà mẹ́rin méjì tó.

Ẹ gbé tábìlì sí ibi tí fèrèsé á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bó bá wà lẹ́yìn yín, oòrùn á tàn sójú mọ́nítọ̀. Bó bá wà níwájú, ojú á máa ro yín. Kọ̀ǹpútà alápòótí kì í jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀: ẹ gbé e ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí ògiri tó bẹ́ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fẹ́ eruku inú rẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà òjò, oṣù mẹ́ta mẹ́ta tó. Ẹ fi ìka di apá fáànù mú nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ. Bó bá yí kíákíá láìsí iná, ìdí rẹ̀ lè bàjẹ́.

Nípa ẹ̀rọ tòkunbọ̀ fún ẹni tó máa rà á ní Computer Village n'Íkẹjà tàbí ní Queen Cinema n'Ìbàdàn: ẹ yọ ṣájà, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú níwájú yín. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Ẹ ṣí fáìlì ìròyìn tó bá tọ́ka sí, kí ẹ wo Design Capacity (ohun tí bátìrì lè gbà nígbà tó wà ní tuntun) àti Full Charge Capacity (ohun tó lè gbà báyìí). Bí èkejì kò bá tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún èkíní, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ wọ BIOS (ètò inú ẹ̀rọ tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dìde). Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹ̀dínwó tó yẹ kí ó mú yín rà á.

Bó bá ń gbóná lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìda (thermal paste) tó wà láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin ìtutù ti gbẹ. Ẹ pa á, ẹ yọ bátìrì, ẹ tú ìdè irin náà ní ìkọjá-síra (láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́), díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi òwú àti isopropyl (ọtí ìfọ̀-nǹkan) ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún nu ìda àtijọ́ títí á fi máa dán. Ìda tuntun tó tóbi bí hóró ìrẹsì kan ni kí ẹ fi sáàárín. Bó bá pọ̀ jù á ṣàn sórí pátákó, bó bá kéré jù á máa gbóná lójú kan. Ẹ dé e padà ní ìkọjá-síra bákan náà.

Ọmọ Líńúsì
Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ iṣẹ́ jẹ́ ẹ̀rọ iṣẹ́. Ẹ má tú ìdí láptọ́ọ̀pù iléeṣẹ́, ẹ má sì fi ohun ìdárayá kankan sínú rẹ̀. Ti iléeṣẹ́ ni, wọ́n sì lè rí ohun tí ẹ fi sí i.

Fún tòkunbọ̀ tí kò lè gba Windows 11, Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025. Linux Mint, ètò kan tó lè rọ́pò Windows, á ṣiṣẹ́ dáadáa lórí RAM 4GB, á sì yára gan-an bí ẹ bá fi SSD 240GB pààrọ̀ díísìkì àtijọ́. Ẹ fi fláàṣì 8GB ṣe é, ẹ kọ́kọ́ dán an wò láìfi í sórí díísìkì, kí ẹ wò ó bóyá Wi-Fi àti ohùn ń ṣiṣẹ́.

Ìṣòro tí ẹ ò tíì béèrè ni iye iná tí ìdárayá yìí ń jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ fi tòkunbọ̀ náà ṣe ibi ìkó-fídíò-sí fún gbogbo ilé, tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ 20W á jẹ 480Wh lójúmọ́. Ìyẹn ju ìdajì 870Wh tí wọ́n ṣírò lókè lọ, lórí nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò wò lóru. Nítorí náà, ẹ má so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ínfátà, ẹ so ó mọ́ ti NEPA. Nínú BIOS rẹ̀, ẹ wá ètò tó ní "AC Power Loss", kí ẹ fi í sí "Power On", á máa tan ara rẹ̀ bí iná bá dé. Kí iná tó lọ lójijì má bàa ba fáìlì jẹ́, ẹ wá UPS kékeré tó ní okùn USB, kí ẹ fi NUT, ètò tó ń gbọ́ ìròyìn láti ọ̀dọ̀ UPS, sínú Linux, á máa pa ẹ̀rọ náà jẹ́jẹ́ kí bátìrì UPS tó tán. Bó bá pọn dandan kí ó wà lórí ínfátà, Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ) tó ń jẹ nǹkan bí 5W á jẹ 120Wh péré lójúmọ́.

Akọ̀wé Mọ́níyà
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àǹtí, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀yìn ògiri la máa kọ́kọ́ wà, mo ti ń wá oníná tó ní ẹ̀rọ ìwọn-ẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè kan ló kù: lórí Linux yẹn, ṣé mo lè máa kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn àti ẹ, ọ, ṣ láìra kíbọ́ọ̀dù mìíràn?

Ọmọ Líńúsì
Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí ètò Keyboard, ẹ lọ sí Layouts, ẹ fi "Yoruba" kún un lábẹ́ Nigeria. Ẹ lè dán an wò ní kíá láti inú Terminal: setxkbmap ng yoruba. Láti padà sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ setxkbmap us. Nínú Layouts náà ni àwòrán kíbọ́ọ̀dù wà tó ń fi ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan àti àmì ohùn wà hàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́nítọ̀ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.